Ta Ló Fún Pacôme Ní Ìtàn?

Ìwé méjì ni Mireille tẹ́ síwájú mi lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n fìdí kan àga dáadáa.

"Màmá Marcelline, ẹ ka tọwọ́ ọ̀tún. Kí ẹ wá ka tọwọ́ òsì. Kí ẹ sọ fún mi bóyá ojú mi ló ń ṣe mí."

Mo gbé awò ojú mi wọ̀. Ti ọ̀tún lọ báyìí: ọkùnrin kan kúrò ní Towé, ó lọ sí Gabon, ó ṣe ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ láìránṣẹ́ sílé. Ọjọ́ tó padà dé, ó bá sàréè kan lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán, wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀. Ọkùnrin náà wá ń bi ìyá rẹ̀ pé, bí èmi bá dúró níbí, ta lẹ sin?

Ti òsì náà rèé: ọkùnrin kan kúrò ní Towé, ó lọ sí Gabon, ó ṣe ọdún mẹ́tàlá, rárá, ọdún mọ́kànlá. Sàréè kan náà. Ìyá kan náà. Ìbéèrè kan náà.

"Ojú rẹ ò ṣe nǹkan kan," mo ní. "Ìtàn kan ṣoṣo ni. Ta ló kọ wọ́n?"

"Flore Ògúnṣínà ló kọ ti ọ̀tún. Pacôme tó ń jó irin nítòsí ibùdókọ̀ Sakété ló kọ ti òsì. Ọmọ ìjọ yín làwọn méjèèjì, ìyẹn ni mo ṣe pè yín. Bí mo bá gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, kó tó dọ̀la gbogbo Pobè á ti gbọ́."

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni Mireille, òun ló sì ń ṣètò àjọ̀dún àwọn òǹkọ̀wé ní Pobè. Ohun tuntun tó gbé dé lọ́dún yìí ni aṣojú òǹkọ̀wé kan tó ń bọ̀ láti Kútọnu, Arnaud lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ irú wọn ni pé kí wọ́n gbé ìwé ẹni lọ bá àwọn atẹ̀wé, kí wọ́n bá ẹni jà fún un. Òǹkọ̀wé mẹ́jọ ló máa rí i, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù méjì ni Mireille ti fi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

"Arnaud ti ka méjèèjì," ó ní. "Ó ní kí n wá ẹni tó ni ín rí kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ Àbámẹ́ta. Bí mi ò bá rí i, kò sí èyí tó máa wọlé nínú wọn, òun á sì kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ òun nípa orúkọ méjèèjì."

"Ta ló kọ́kọ́ fi tiẹ̀ ránṣẹ́?"

"Pacôme. Lọ́jọ́ Ajé. Flore fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì."

"Ìyẹn ò sọ nǹkan kan. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Jẹ́ kí n gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì ná."

Ẹ wo bí mo ṣe ń pa òwe. Bí mo ṣe ń rántí rẹ̀ báyìí, ojú ṣì ń tì mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọlọ́pàá, ní Pobè àti ní Sakété, iṣẹ́ tí mo sì mọ̀ jù níbẹ̀ ni kí n jókòó ti èèyàn kí n máa kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń jáde. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá tó tèmi lágbègbè yìí. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, ìjọ wa, àwa aláṣọ funfun, fi irú iṣẹ́ yẹn náà lé mi lọ́wọ́: bí ẹ̀mí bá gbé ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ríran, èmi ni mò ń kọ ọ́, màá ká ìwé náà, màá fi lé ẹni tí iṣẹ́ náà wà fún lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn ló ń pè mí ní Màmá Ọlọ́pàá. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde, mo tún ìwé méjèèjì wò. Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu.

"Mireille, mo ti gbọ́ ìtàn yìí rí."

"Níbo?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ."

*

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gun zémíjàn, alùpùpù akérò, lọ bá Flore níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Pobè. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wádìí irúgbìn ọ̀pẹ. Òun ló ń so nọ́ńbà mọ́ ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù, ó kí mi ẹ káàárọ̀, ó kí mi ẹ kú ìrìn, ó béèrè orúnkún mi tó ń dùn mí. Ọmọ tí kì í gbójú sókè wo àgbà ni.

"Ṣé wọ́n ti gbọ́ níbí?" mo bi í.

"Wọ́n ti gbọ́, Màmá. Láti àná, bí mo bá dé ibi tí wọ́n wà, wọ́n á dákẹ́. Nígbà oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n kó àpò wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi."

Ó ṣí àpò náà, ó kó kàyé mẹ́ta jáde, ìwé tó ń kọ ìtàn rẹ̀ sí. Iṣẹ́ ọdún méjì. Mo ṣí wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìfagilé lórí ìfagilé. Lójú ìwé kan, ó kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ọkùnrin náà ṣe ọdún mẹ́tàlá ní Gabon, ó fa igi lé e, ó kọ mọ́kànlá sókè rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi yí i padà?"

"Bó bá ṣe mẹ́tàlá, ìyá rẹ̀ á ti kú kó tó dé. Mo fẹ́ kó bá ìyá rẹ̀ láàyè."

Ẹni tó jí ìtàn kì í mọ irú ìyẹn. Mo ti gbà á gbọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti béèrè.

"Ta lo fi àwọn kàyé yìí hàn?"

"Kò sẹ́ni. Inú àpótí ni wọ́n ń gbé, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi."

"Pacôme ńkọ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n lójú ní ìjọ. A ò tíì bára wa sọ ju ẹ kú àárọ̀ lọ."

Ó palẹ̀ kàyé rẹ̀ mọ́.

"Màmá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo bẹ Ọlọ́run fún. Bí wọ́n bá pè mí ní olè níbẹ̀, mi ò ní kọ nǹkan kan mọ́ láyé mi."

*

Èyí tó ń yọ mí lẹ́nu kò tíì lọ. Bí mo bá ti gbọ́ ìtàn yìí rí lóòótọ́, á jẹ́ pé ẹnì kẹta wà tí àwọn méjèèjì jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yà sọ́dọ̀ Augustin, ẹni tó ti ń pa ìtàn lórí rédíò fún àwọn ará Pobè láti nǹkan bí ogún ọdún.

"Augustin, ìtàn ọkùnrin tó bá sàréè ara rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìgbà wo lo sọ ọ́?"

"Mi ò sọ ọ́ rí."

"Ronú dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ní irú ìyẹn lọ́wọ́, ṣé màá ṣì máa dà wọ́n láàmú pẹ̀lú ìjàpá ni? Ta ló sọ pé èmi ni?"

"Mo mọ̀ pé mo gbọ́ ọ níbì kan. Pẹ̀lú etí mi méjèèjì."

"Ohùn ọkùnrin àbí ti obìnrin?"

"Mi ò mọ̀," mo ní. Augustin bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ ogbó ti ń kan ilẹ̀kùn yín o. Ẹ lọ sinmi."

Mo bínú jáde. Èmi, tí mo máa ń rántí nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n jí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Mo pinnu lójú ọ̀nà pé mo ti ṣìnà, pé kò sí ẹnì kẹta kankan, pé ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí lolè. Flore sì ti fi kàyé rẹ̀ hàn mí.

*

Nígbà tí mo dé ìsọ̀ Pacôme ní Sakété lọ́sàn-án, ó ń jó fèrèsé kan pọ̀, iná ń ta pàrà. Bó ṣe rí mi, ó pa ẹ̀rọ, ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ti ń retí mi.

"Pacôme, ìwọ lo kọ ìtàn yìí?"

"Èmi ni mo kọ ọ́ sórí ìwé, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìwé. Ṣé ìwọ lo rò ó?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Rárá. Wọ́n fún mi ni."

"Ta ló fún ọ?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Mi ò mọ ẹnì kankan. Pe orúkọ rẹ̀."

Ó wo ilẹ̀, ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lójú rẹ̀. "Kò yẹ kí n sọ ọ́ síta. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Flore ní kàyé mẹ́ta. Kí lo ní?"

"Ohun tí wọ́n fún mi ni mo ní. Bóyá òun ló rí tèmi níbì kan."

Ọkùnrin ọgbọ̀n ọdún ó lé, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó jẹ́wọ́ pé òun kọ́ lòun rò ó, kò sì fẹ́ sọ ibi tó ti rí i. Bí ọ̀daràn bá ti bá mi dé ibẹ̀ yẹn láyé ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, kàyé mi ni mo máa ń pa dé.

*

Ọjọ́ Ẹtì ni ìdánrawò ìkẹyìn, ní ilé àwọn ọ̀dọ́ ní Pobè. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́jọ pé síbẹ̀. Mireille jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó ń ṣe bí Arnaud, wọ́n ń wá síwájú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fi aago ka ìṣẹ́jú wọn.

"Ẹ má kí i," ó ń sọ fún ọkùnrin kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba. "Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Bí ẹ bá kí i, kí ẹ béèrè ọ̀nà, kí ẹ béèrè ilé, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ. Ẹ jókòó, ẹ wò ó lójú, ẹ wọ inú ìtàn."

Mo dúró títí Pacôme fi débẹ̀. Kí ó tó jókòó, mo pè é láti ẹ̀yìn. Mo lè pè é síta. Mo lè pè é wá sílé mi. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àná ṣì ń gbóná nínú mi.

"Pacôme, mo bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ta ló fún ọ ní ìtàn yìí?"

Gbogbo wọn yíjú sí i. Ó wò mí pẹ́. Ẹ̀rín àná ti lọ.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n."

"Olè ni ọ́," mo ní. "Mo ti mú olè ewúrẹ́, mo ti mú olè alùpùpù, ṣùgbọ́n olè tó ń jí ohun tó wà nínú orí ẹlòmíràn, ìwọ ni mo kọ́kọ́ rí."

Kò jà, kò bú mi. Ó kàn dúró síbẹ̀, òógùn ń ṣẹ́ níwájú orí rẹ̀, àwọn èèyàn ń wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Flore fi ọwọ́ bo ojú. Mireille mú bíkì ìkọ̀wé rẹ̀, ó fa igi lé orúkọ kan.

"Mo gbọ́, Màmá," Pacôme sọ. Ó kúnlẹ̀ ṣa ìwé rẹ̀ tó jábọ́, ó jáde. A ń gbọ́ ọ tó ń ti alùpùpù rẹ̀ lọ lójú títì, kò tiẹ̀ ṣíná rẹ̀.

Wọ́n kí mi kú iṣẹ́. Mo gbà á.

*

Mireille ti fún mi ní ìwé Pacôme pé kí n tọ́jú rẹ̀. Mo jókòó sábẹ́ ìbòòji níta láti dúró de ọkọ̀ Sakété, mo bá ṣí i. Ojú mi bọ́ sórí ìlà kejì.

Ó ṣe ọdún mẹ́tàlá, rárá, ọdún mọ́kànlá.

Láti Ọjọ́rú ni mo ti rí i, mo kàn fojú fò ó. Nígbà tí mo kà á lọ́tẹ̀ yìí, mo rántí ìfagilé inú kàyé Flore. Ẹni tó bá jí nǹkan nínú kàyé, ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìfagilé ló máa kọ, mọ́kànlá. Kò sí "rárá" kankan nínú kàyé yẹn. "Rárá" ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹnu ló ń ṣì í sọ tó fi ń tún un sọ. Nítorí náà, kì í ṣe ojú Pacôme ló rí ìtàn yìí, etí ló fi gbọ́ ọ.

Èkejì tiẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Olè máa ń pa ojú ọ̀nà rẹ́. Ọmọdé tó ń jalè pàápàá á ti yọ "rárá" yẹn kúrò. Kí ló dé tí Pacôme fi sílẹ̀? Ẹni tí kò yọ ọ́ kúrò, ẹ̀rù ló ń bà á láti fọwọ́ kàn án.

Mo padà wọlé. Flore ṣì wà níbẹ̀, òun nìkan, ó ń to àga.

"Flore, níbo lo ti sọ ìtàn yìí sókè?"

"Màmá, mo ní mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

"Mi ò bi ọ́ ẹni tí o sọ ọ́ fún. Níbo lo ti sọ ọ́ sókè fún ara rẹ?"

Ó sorí kọ́. "Ní ìjọ ni, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ní ìjọ?"

"Wọ́n ní ká má kí Arnaud. Ọ̀rọ̀ láìkíni kì í wá sí mi lẹ́nu, ẹ̀yin náà mọ̀ mí. Mo ní kí n máa fi kọ́ra. Nílé, àbúrò ìyá mi gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó sáré wọlé bi mí pé àgbà wo ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo bá ń lọ sí ìjọ lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun tí kì í sí èrò. Mo máa ń wọ aṣọ àdúrà mi, màá kúnlẹ̀ sórí yanrìn, màá dijú débi pé mi ò ní mọ ẹni tó bá wọlé, màá ṣe bí ẹni pé Arnaud ló jókòó síwájú mi."

"Báwo lo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀?"

Ó tijú. Ó wo ilẹ̀kùn, ó dijú, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó jinlẹ̀, ó le.

"Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, ìtàn kan wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ni yóò gbé e jáde fún aráyé. Ọkùnrin kan kúrò ní Towé..."

"Ó tó," mo ní. "Ó tó, ọmọ mi."

Mo wá àga, mo jókòó. Augustin bi mí pé ohùn ọkùnrin ni àbí ti obìnrin. Mo ti mọ̀ báyìí.

*

Mi ò kí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà títí mo fi délé. Mo máa ń fi kábọ̀n sáàárín ìwé bí mo bá ń kọ ìran, ẹ̀dà rẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi nínú páálí kan lábẹ́ ibùsùn. Mo wá a láti oṣù yìí padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn ni mo bá a, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sàn-án. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. "Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí." "Ọdún mẹ́tàlá, rárá, ọdún mọ́kànlá." Nísàlẹ̀ rẹ̀, mo kọ ọ́ pé: a fi lé Pacôme lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bí mo bá ń kọ̀wé, n kì í gbọ́ ohun tí mò ń kọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń ṣe é látìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ọwọ́ á máa sáré, ọkàn mi á ti wà níbi tí mo ti fẹ́ ra gààrí. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ooru mú, mo jókòó sábẹ́ ìbòòji. Ẹnì kan kúnlẹ̀ sórí yanrìn nínú aṣọ funfun. Ẹnì kan jókòó níwájú rẹ̀, ó ń gbàdúrà. Èyí tó kúnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìkí ẹnikẹ́ni, láìbéèrè àlàáfíà, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú agbára. Láàárín wa, ta ló ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí kò bá ṣe ẹ̀mí? Mo mú bíkì. Mi ò wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí a kì í wo ojú ẹni tí ẹ̀mí gbé. Mo ká ìwé, mo nà án sí ẹni tó wà níwájú, mo sì padà sídìí àga mi.

Mo jókòó sórí ibùsùn pẹ̀lú ìwé yẹn lórí itan mi, ojú ń tì mí nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan. Mo rò ó pé mo lè ya á. Flore á wọlé lọ́la, ìtàn rẹ̀ á sì jẹ́ tirẹ̀. Pacôme kò ní sọ̀rọ̀, ó ti dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ mi ò ní bàjẹ́ ní ìjọ. Kí n má parọ́ fún yín, mo rò ó pẹ́.

*

Ilẹ̀ àárọ̀ Àbámẹ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn Pacôme. Ó dọ̀bálẹ̀ bó ṣe rí mi. Mo ní kó dìde, kó má dọ̀bálẹ̀ fún mi lónìí. Mo na ẹ̀dà ìwé yẹn sí i.

"Ìgbà tí mo bi ọ́ nísọ̀ pé ta ló fún ọ, kí lo rò?"

"Mo rò pé ẹ ń dán mi wò ni," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ̀yin lẹ fún mi. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀mí bá bá ẹni sọ, ká má sọ ọ́ síta kó tó ṣẹ. Mo ní, Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnu mi gba nǹkan dúró."

"Àti lánàá? Nígbà tí mo pè ọ́ ní olè?"

"Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀, níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò mọ ohun tí mo lè rò mọ́."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, nípa Flore, nípa Arnaud tí Flore ń fojú inú rí, nípa ẹni tó kúnlẹ̀ sórí yanrìn tó kàn ń fi ẹnu kọ́ra. Mi ò bo ara mi. Ó fìdí lé ẹnu ọ̀nà.

"Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni mo gbà, Màmá. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Mireille, mi ò sì ní ìtàn kankan. Mo ní kí Ọlọ́run fún mi ní ọ̀kan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ohùn yẹn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn mi."

"Kí ló dé tí o ò yọ 'rárá' yẹn kúrò?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè náà yé. "Ta ni mí tí màá fi tún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe?"

*

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, mo dúró síwájú gbogbo wọn ní ilé àwọn ọ̀dọ́. Arnaud ti dé, ọkùnrin kúkúrú kan tó gbé àpò aláwọ̀ kọ́ èjìká. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní Flore ló ni ìtàn náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní Pacôme kò jalè, pé ìwé tí ọwọ́ mi kọ ni mo fún un, ó sì gbà á gbọ́ nítorí pé ó gbà mí gbọ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Mo mọ ohùn rẹ̀, ọmọ ìjọ wa ni. Mo kúnlẹ̀ fún Pacôme níwájú wọn, Mireille sì sáré wá dì mí lápá pé Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Arnaud wo aago. Ó pe Flore. Ó ní kí wọ́n dá orúkọ Pacôme padà sínú ìwé, ṣùgbọ́n Pacôme ní rárá, òun ò ní ìtàn.

Ilẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn Flore. Èmi àti Pacôme jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó tì wá. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti inú, kò kí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀rín Arnaud dún, lẹ́yìn náà ìbéèrè, lẹ́yìn náà òmíràn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá, ilẹ̀kùn ò ṣí.

"Ó ń dára fún un," Pacôme sọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan."

"Bi mí."

"Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ fún mi níwèé kan. Ó ní kí n má fẹ́ Estelle. Mo fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí mi ò lè sọ ọ́ síta. Ta ló wà lórí yanrìn lọ́jọ́ yẹn, Màmá?"

Mo wá a nínú orí mi. Mo wá ojú, mo wá ohùn, mo wá bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà àbí oòrùn ràn. Mi ò rí nǹkan kan.

"Mi ò rántí, Pacôme."

"Ṣé ẹ̀mí ló ń sọ̀rọ̀, àbí ẹnì kan tó ń sọ tiẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

Ó mi orí. Ó ní Estelle ti bímọ méjì fún ọkùnrin kan ní Takon, òun máa ń rí wọn lọ́jọ́ ọjà. Ó wá dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi ó dàbọ̀ bí ọmọ ṣe ń kí ìyá rẹ̀, ó sì lọ gbé alùpùpù rẹ̀. Mi ò lè gbójú sókè wò ó.